Mọ́ọ̀dù epọ́sì àti ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù fún ẹsẹ̀ àga: ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Wẹ́dà Oǹdó Road:

Ẹ̀yin tó ń ṣe mọ́ọ̀dù, ẹ gbà wá o. Ẹsẹ̀ ike tí wọ́n ń fi bọ ìdí àga onírin la fẹ́ máa ṣe fúnra wa ní Àkúrẹ́ níbí, dípò èyí tá à ń rà láti Èkó. Ìdí páìpù 25 mm ló máa wọ̀, ó jìn tó 30 mm. Ike PP (polipropilíìnì) tí wọ́n tún lọ̀ la fẹ́ lò, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ ike gbígbóná wọ inú mọ́ọ̀dù ló wà nílẹ̀. Ẹyọ 300 ni oníbàárà àkọ́kọ́ fẹ́. Tí a bá ní ká gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin, owó rẹ̀ á ju èrè iṣẹ́ náà lọ, wọ́n bá ní ká fi epọ́sì, oje olómi tó máa ń le, dà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ariyànjiyàn nìyí. Ẹnìkan ní ká rọ ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù kún un títí yóò fi ki, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa le tó. Ẹnìkejì ní kí ló dé tá a fẹ́ náwó, ṣebí iyanrìn Igbókòdá wà. Ẹnìkẹta ní ká ra epọ́sì tí wọ́n fi ń dán tábìlì, pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n wo lẹ̀yin ń lò? Ẹyọ mélòó ni irú mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lè ṣe kó tó bàjẹ́?

---

Baba Mọ́ọ̀dù:

Líle ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbájú mọ́. Ooru ló ń pa mọ́ọ̀dù epọ́sì.

Ike PP máa ń wọlé ní nǹkan bí 200 sí 220°C, mọ́ọ̀dù ló sì gbọ́dọ̀ gba ooru yẹn kúrò lára rẹ̀. Bí a bá wọn bí ooru ṣe ń rìn nínú nǹkan, epọ́sì lásán jẹ́ nǹkan bí 0.2 W/mK, irin mọ́ọ̀dù nǹkan bí 30, alumíníọ̀mù ju 100 lọ. Epọ́sì tí a po alumíníọ̀mù mọ́, tó sì ṣì ń ṣàn, kì í sábà ju 0.6 sí 1 lọ. Ó sàn ju epọ́sì lásán ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, àmọ́ kò tíì sún mọ́ irin rárá. Nítorí náà, bí o bá ń tẹ ike léraléra, ooru á máa kóra jọ sí ojú mọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá kọjá ibi tí epọ́sì yẹn ti ń rọ̀, etí á kọ́kọ́ wọ́, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, bó o bá sì ti ń fa ọjà jáde ni yóò máa já lára mọ́ọ̀dù lọ. Àwọn èèyàn á ní kò le tó, wọ́n á tún lọ rọ ìyẹ̀fun sí i.

Gbogbo epọ́sì ló ní ìwọ̀n ooru tó ti ń fi líle sílẹ̀. Èyí tó bá le nínú yàrá lásán, láìrí iná, 50 sí 60°C ni tirẹ̀ sábà máa ń wà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára agolo. Résìn (olómi epọ́sì fúnra rẹ̀) kan náà, tí a bá fi hádínà (olómi kejì tó ń mú un le) tó yẹ sí i tí a sì yan án díẹ̀díẹ̀ dé 120°C, lè fara da ooru tó ju 100°C lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa pinnu bóyá ẹyọ 20 lo máa rí ni tàbí 300.

Epọ́sì tábìlì kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti fi nǹkan là á kó lè máa ṣàn kó sì máa dán, hádínà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó rọ̀. Bó o yan án títí, kò ní gòkè púpọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bá ọ jiyàn, da ọ̀pá kékeré kan tó nípọn 5 mm, jẹ́ kó le dáadáa, kí o yan án, kí o wá tì í bọ inú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10. Fi ẹ̀mú dì í mú níbi orí kan kí o tẹ orí kejì. Tó bá tẹ̀, kò lè ṣe mọ́ọ̀dù fún ike PP.

---

Ìyá Fáíbà:

Ẹ ṣé, bàbá. Kó tó kan ìyẹ̀fun, ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe, torí mo mọ̀ pé inú fáíbà-gíláàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ iṣẹ́ yìí wá.

Pólíẹ́sítà tí a fi ń ṣe tàǹkì àti bọ́ńpà kì í ṣe epọ́sì. Ti pólíẹ́sítà, kátálíìsì díẹ̀ ló ń tan iná sí i, o lè dín in kù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kí o fi kún un nígbà òjò. Hádínà epọ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di ara epọ́sì náà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ṣe é tọ́wọ́ bọ̀. Bó bá kéré, résìn tí kò rí ẹni bá so á kù nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀, hádínà á ṣẹ́kù. Ọ̀nà méjèèjì ló ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè le, kó gbé e sí ibi tó móoru, kó má fi hádínà kún un.

Fún résìn epọ́sì olómi tí wọn kò fi nǹkan kan là, pẹ̀lú irú hádínà kan tí wọ́n ń pè ní TETA, gíráàmù 13 ló lọ sí gíráàmù 100. Tó bá jẹ́ hádínà mìíràn, ohun tó wà lára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì wò ó bóyá ìwúwo ni wọ́n ń sọ tàbí ìkún ife, torí méjèèjì kì í dọ́gba. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kan kan ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ po résìn àti hádínà fún ìṣẹ́jú 3, ẹ máa ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ike, ẹ dà á sínú ike mìíràn, ẹ tún un pò. Ìyẹ̀fun ló kàn lẹ́yìn ìyẹn.

---

Ará Ọbańlá:

Mo fara mọ́ ti ooru, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ju iyanrìn Igbókòdá nù. Sílíkà tó mọ́ ni, àwọn tó ń ṣe gíláàsì mọ̀ ọ́n, ìwúwo rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti alumíníọ̀mù: 2.65 sí 2.7. Kì í fa omi mọ́ra, kì í jẹ́ kí epọ́sì sún kì púpọ̀ bó ṣe ń le, ó sì ń dín ooru tí epọ́sì fúnra rẹ̀ ń mú wá kù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn olùwádìí ní FUTA àti níbòmíràn tún ti kọ ohun púpọ̀ lórí èèpo èkùrọ́ àti ìkarahun ìgbín tí a lọ̀ mọ́ epọ́sì. Kí ló dé tí a ó fi máa wá alumíníọ̀mù kiri?

---

Baba Mọ́ọ̀dù:

Àbúrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi èkùrọ́ ṣe yẹn dára fún ohun tó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìwádìí náà ò burú, ojú mọ́ọ̀dù ni kò yẹ kí ó wà. Èèpo èkùrọ́ kì í gbé ooru kọjá, ó sì máa ń fa omi. Bó bá gbóná, omi inú rẹ̀ á fẹ́ jáde, á wú sókè bí ìléròrò lójú mọ́ọ̀dù.

Ti iyanrìn, ààbọ̀ lo gbà. Fi í sí ẹ̀yìn, níbi tó jìn sí ojú mọ́ọ̀dù ju 25 mm lọ, kó lè gba àyè tí epọ́sì ì bá gbà. Ní ojú, alumíníọ̀mù ni. Iyanrìn yóò tún ba fáìlì àti bíìtì rẹ jẹ́ nígbà tó o bá fẹ́ tún etí mọ́ọ̀dù ṣe, alumíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku sílíkà tó kúnná sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìpadà, kí ẹni tó bá ń kù ú tàbí tó ń ha á bo imú pẹ̀lú ìbòmú gidi, aṣọ lásán kò tó.

Ẹ̀rúnrún irin láti ìdí ẹ̀rọ léètì náà ń kọ́? Irin wúwo ju epọ́sì lọ ní ìlọ́po tó sún mọ́ méje, á rì sísàlẹ̀ kí epọ́sì tó le. Òkè mọ́ọ̀dù á wá di epọ́sì lásán, ìsàlẹ̀ á di irin, bó o bá sì ti gbé e sínú ófùn ni yóò ká kò.

---

Wẹ́dà Oǹdó Road:

Ó ti ń yé mi, bàbá. Ìwọ̀n ìyẹ̀fun wá ńkọ́? Ẹ̀rúnrún alumíníọ̀mù pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé. Wọ́n sì ń ta ìyẹ̀fun fàdákà kan ní ìsọ̀ ọ̀dà. Èwo ni kí n mú?

---

Ìyá Fáíbà:

Má ra ti ìsọ̀ ọ̀dà. Pẹlẹbẹ ni wóró rẹ̀, wọ́n sì ti fi nǹkan ọlọ́ràá bò ó kó lè máa léfòó lórí ọ̀dà. Bó o bá da díẹ̀ sí epọ́sì, á ti ki kó tó wúlò, ọ̀rá yẹn kì í sì í jẹ́ kí epọ́sì dì í mú dáadáa.

Ti àwọn onífèrèsé ṣe é lò tí o bá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní òróró ayùn lára, èyí tó ní ọ̀dà funfun tàbí pupa sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wá láti ara páìpù tí kò ní ọ̀dà ni kí o bẹ̀ wọ́n fún. Fi tínà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ kó gbẹ níta gbangba títí òórùn tínà yóò fi tán pátápátá, kí o tó gbé e sínú ófùn 105 sí 110°C fún wákàtí 2. Fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn jọ̀ ọ́ kí èyí tó ká kò bọ́ sẹ́yìn, kí o wá fi asẹ́ èlùbọ́ kù èyí tó kúnná jáde. Má dà á sínú odó o, alumíníọ̀mù kì í lọ̀, ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó kúnná ni tojú, èyí tó tóbi díẹ̀ ni ti ara. Tí o bá po ìdá mẹ́ta èyí tó tóbi mọ́ ìdá kan èyí tó kúnná, kékeré á wọ àárín ńlá, ìyẹ̀fun tó pọ̀ sí i á gbà láìjẹ́ kó ki jù.

Ìwọ̀n rẹ̀: résìn gíráàmù 100, hádínà TETA gíráàmù 13, ìyẹ̀fun gíráàmù 140. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá wo àyè tí ìyẹ̀fun gbà, kì í ṣe ìwúwo. Àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ 120 × 100 × 40 mm máa gba résìn 318, hádínà 41, ìyẹ̀fun nǹkan bí 445. Bó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu tó ki, ó tó. Bó bá ń dúró lórí igi ìropo láì yọ́ wálẹ̀, ìyẹ̀fun ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde.

---

Baba Mọ́ọ̀dù:

Kí a tó lọ síwájú, ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín jẹ́ ti wẹ́dà, ẹ gbọ́ èyí. Ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù tó kúnná lè gbiná nínú afẹ́fẹ́. Bó bá tún lọ dàpọ̀ mọ́ eruku ìpẹtà irin, tí iná wẹ́dà tàbí ti ẹ̀rọ ìlọ̀rin ta sí i, ooru tó máa jáde máa yọ́ irin. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọ̀rin tí ẹ ń fi lọ irin lọ alumíníọ̀mù, ẹ má sì kù ú nítòsí ibi tí ẹ ti ń jó irin. Bó bá gbiná, ẹ má da omi sí i, iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ fi bò ó. Inú agolo onídèérí tó gbẹ ni kí ó máa wà.

---

Wẹ́dà Oǹdó Road:

A ó kó o lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, bí a ṣe ń dà á gan-an ló kù. Wọ́n tẹ àwòṣe ẹsẹ̀ àga náà fún wa pẹ̀lú ẹ̀rọ 3D, ike tí wọ́n ń pè ní PLA ni.

---

Ìyá Fáíbà:

PLA ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Epọ́sì tó nípọn máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń le, àwòṣe rẹ á wọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, má da ohun tó ju 20 mm nípọn lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí ìpele àkọ́kọ́ tutù kí o tó da èkejì. Fi pọ́tì mọ́tò dí ìlà ara PLA náà, fi ìwé yanrìn ha á, fi ọ̀dà mọ́tò bò ó, kí o tún fi ìwé yanrìn 800 ha á. Gbogbo ìlà tó bá kù lára àwòṣe ni ike máa gbá mú.

Ìwọ̀n àwòṣe: PP máa ń sún kì bó ṣe ń tutù, sọ gbogbo ìwọ̀n di ìlọ́po 1.015. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ jẹ́ 25 mm, 25.4 ni kí àwòṣe jẹ́. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ ní 2° ó kéré tán. Ní jíjìn 30 mm, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 1 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láìsí ìdagẹ̀rẹ̀, ọjà kò ní jáde, ẹ ó fi agbára fà á, mọ́ọ̀dù á là.

Wáàsì mọ́tò tó ní kárnúbà nínú, tí kò ní sílíkóònù, ni kí o fi pa àwòṣe ní ìgbà 4, kí o nù ún dán láàárín ọ̀kan sí èkejì. Fi PVA, olómi tó ń gbẹ di awọ kí epọ́sì má bàa lẹ̀ mọ́ àwòṣe, bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ojú mọ́ọ̀dù. Po epọ́sì pẹ̀lú èyí tó kúnná jù, kí o fi sílíkà tó fúyẹ́ bí òwú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń pè ní kábósíìlì, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sí i kó má bàa ṣàn kúrò lára ògiri. Fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún tó 1 mm, kí o tẹ̀ ẹ́ wọ gbogbo igun. Dúró títí ìka yóò fi hàn lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní tẹ̀ lé ọwọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni kí o da ti ara lé e. Bó bá ti le kọjá bẹ́ẹ̀, méjèèjì kò ní so mọ́ra, ojú á ṣí kúrò nígbà tí ooru bá dé. Igun kan ni kí o ti máa dà á, kó tín-ín-rín, kó máa fúnra rẹ̀ rìn lọ síbi tó kù.

Ní Àkúrẹ́ nígbà òjò, hádínà máa ń bá omi inú afẹ́fẹ́ jà, nǹkan funfun tó ń yọ̀ á jókòó sórí epọ́sì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, kì í ṣe tínà. Fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́, ha á, kí o tó da ìpele kejì. Má fọwọ́ lásán kan hádínà, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á máa kọ̀ ọ́ títí ayé ni. Ìbọ̀wọ́ nítíráìlì ni o.

---

Ará Ọbańlá:

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ fífa afẹ́fẹ́ inú epọ́sì jáde. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù tó láti fà á, ìkòkò tó nípọn ni kí ẹ so ó mọ́. Epọ́sì á hó sókè tó ìlọ́po mẹ́rin kó tó wálẹ̀, kí ike tí ẹ fi gbé e ga tó bẹ́ẹ̀. Láìfa afẹ́fẹ́, mọ́ọ̀dù kò lè dára.

---

Ìyá Fáíbà:

Ìkòkò irin nìkan o, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìgò, afẹ́fẹ́ ìta lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ wọnú. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé láìsí i kò lè dára. Ojú tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í ní ihò tó bá jẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ihò tó bá wà lẹ́yìn kò dí ike lọ́wọ́. Ibi tí fífà ti wúlò jù ni nígbà tí ìyẹ̀fun bá ti kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. TETA pàápàá kì í fún yín láyè tó: 20 sí 30 ìṣẹ́jú ló ní, bí ẹ bá pò ó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń fa afẹ́fẹ́ lọ, epọ́sì ti ń gbóná nínú ìkòkò.

---

Baba Mọ́ọ̀dù:

Kí àríyànjiyàn afẹ́fẹ́ má jẹ́ ká gbàgbé ófùn. Jẹ́ kó le fún wákàtí 24 nínú àpótí, kí o wá yọ àwòṣe PLA kúrò. Lẹ́yìn náà: 60°C fún wákàtí 2, 80 fún 2, 100 fún 2, 120 fún 2, kí gígòkè láàárín ọ̀kan sí èkejì má ju 20°C lọ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí, pa á, má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹni tó bá gbé e lọ sí 120 tààrà, ńṣe ló gbé epọ́sì tó ń rọ̀ ní 55 sínú ooru 120, á tẹ̀ kó tó le.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, má ṣí i. Nígbà tí iná bá dé, padà gòkè díẹ̀díẹ̀ dé ìpele tó o ti parí, kí o máa bá a lọ. Ófùn tí a bá fi ṣe èyí, a kò gbọ́dọ̀ fi yan búrẹ́dì tàbí ẹran mọ́.

Ohun tó kù ló máa gbà ọ́ jù. Ọ̀pá àárín, èyí tó ń ṣe inú ẹsẹ̀ àga, má fi epọ́sì ṣe é rárá. Ike ń sún kì mọ́ ọn lára, òun ló ń gba ooru jù, ó sì jẹ́ róbótó lásán: ọ̀pá alumíníọ̀mù ni kí wọ́n gbẹ́ fún ọ lórí léètì, iṣẹ́ kékeré ni. Apá ìta nìkan ni kí o fi epọ́sì dà. Ẹnu tí ike ń gbà wọlé náà, fi bùṣì irin sí i kí o tó da epọ́sì, torí ibẹ̀ ni ike gbígbóná ti ń fi agbára ha á. Fi páìpù bàbà tín-ín-rín ti fíríìjì, èyí tó ní 8 mm, yí inú rẹ̀ ká ní nǹkan bí 10 sí 15 mm sí ojú, kí o so ó mọ́ omi. Ṣe férémù irin yí epọ́sì ká, kí bóòtù máa fún férémù mọ́ra, kó má jẹ́ epọ́sì ló ń gba ìfúnpá.

Nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́, má tẹ èyí tó kàn títí ojú mọ́ọ̀dù yóò fi wálẹ̀ sí 50°C. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ló sábà máa ń gbà, afẹ́fẹ́ láti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ìsọ̀ yín á dín in kù. Tí o bá tẹ̀ lé èyí, ike PP tí kò ní òkúta nínú, ẹyọ 300 ṣeé rí. Ike tí wọ́n fi gíláàsì sí, ẹyọ díẹ̀ ló máa fi pa á. Kí ike tí ẹ tún lọ̀ yẹn kọjá nínú asẹ́, kí ẹ yọ iyanrìn àti wáyà kúrò, torí nǹkan le kan ṣoṣo tó bá gba ẹnu yẹn kọjá á kọ ìlà sí ojú mọ́ọ̀dù.

---

Wẹ́dà Oǹdó Road:

Tí etí bá já díẹ̀ ní àárín iṣẹ́ ńkọ́, bàbá? Ká dà á nù?

---

Baba Mọ́ọ̀dù:

Rárá o. Fi tínà nù ún kí wáàsì kúrò, fi bíìtì kékeré gbẹ́ ibẹ̀ jìn tó 3 mm kó gbòòrò nísàlẹ̀ ju lókè lọ, kó lè dì í mú. Po epọ́sì kan náà pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó kúnná, tẹ̀ ẹ́ wọlé, jẹ́ kó ga díẹ̀ ju ojú lọ. Lẹ́yìn wákàtí 24, tún un yan ní ìpele kan náà, kí o fi fáìlì àti ìwé yanrìn tẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ etí tí mọ́ọ̀dù méjèèjì ti pàdé ló já, fi wáàsì pa apá kejì, dè wọ́n pọ̀ nígbà tí epọ́sì tuntun ṣì rọ̀, etí á tún dọ́gba fúnra rẹ̀. Tọ́jú àwòṣe náà, bó bá wà ní pípé lẹ́yìn tó o yọ ọ́, torí dída mọ́ọ̀dù kejì kò ní ná ọ ju epọ́sì rẹ̀ lọ.